Harmonious: Ohun Tó Túmọ̀ Sí, Ibi Tó Ti Wá, Bá A Ṣe Ń Lò Ó

Àwọn ìbéèrè nípa harmonious, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, ló máa ń padà wá ṣáá níbí l'Óṣogbo. Àwọn ọmọ lẹ́sìn tó ń múra WAEC àti JAMB á bi wá, àwọn ará kúáyà á bi wá, ẹni tó fẹ́ kọ lẹ́tà sí ọ́fíìsì náà á tún bi wá. Mo kó wọn jọ síbí, àwọn tó rọrùn ló ṣáájú, àwọn tó ta kókó wà nísàlẹ̀.

Kí ni harmonious túmọ̀ sí gan-an?

Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń ṣàpèjúwe nǹkan ni, irú èyí tí tíṣà Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní adjective. Tí nǹkan méjì tàbí mẹ́ta tàbí ogún bá wà pa pọ̀, tí oníkálukú dá yàtọ̀, àmọ́ tí wọ́n bára mu débi pé kò sí èyí tó ń dí èkejì lọ́wọ́, harmonious ni Òyìnbó máa pè é.

Ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n ń gbà lò ó jù. Àkọ́kọ́ ni ti ohùn, ìyẹn orin tàbí ìlù tí gbogbo ohùn inú ẹ̀ wọra dáadáa. Ìkejì ni ti ohun tá a fojú rí, bí àwọ̀ aṣọ, bí wọ́n ṣe kọ́lé, bí wọ́n ṣe to pálọ̀. Ìkẹta ni ti àwa èèyàn fúnra wa, tọkọtaya, ará àdúgbò, àwọn tó jọ ń ṣiṣẹ́, tí àárín wọn gún. Ìkẹta yìí lẹ máa bá pàdé jù nínú ìwé ìròyìn.

Ohun tí mo máa ń tẹnu mọ́ fáwọn ọmọ ni "oníkálukú dá yàtọ̀" yẹn. Tí gbogbo nǹkan bá rí bákan náà, Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rọ̀ mìíràn fún un, wọ́n á ní identical tàbí uniform. Harmonious ò ní kí gbogbo wa rí bákan náà o, ohun tó ń sọ ni pé a yàtọ̀, a sì ń bára mu. Ẹni tó bá di ibẹ̀ yẹn mú, gbogbo ìbéèrè tó kù nísàlẹ̀ yìí á rọ̀ ọ́ lọ́rùn.

Báwo la ṣe ń pè é lẹ́nu, báwo la sì ṣe ń kọ ọ́?

Haa-moo-ni-ọs, orí ìkejì ni kẹ́ ẹ ti gbé ohùn sókè: haa-MÓÒ-ni-ọs. Ibẹ̀ lọ̀pọ̀ ti ń ṣì í torí harmony tí wọ́n ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, orí àkọ́kọ́ ni wọ́n ti ń tẹ ìyẹn, HÁÀ-mọ-ni. Tẹ́ ẹ bá tún dé orí harmonic, ó ti sún padà sáàárín nìyẹn, haa-MỌ́-nik.

Ẹ má gbàgbé h iwájú ẹ̀ o. Àwọn kan wà nínú àwa Yorùbá tó jẹ́ pé a máa ń yọ h kúrò níbi tó wà ká wá lọ kì í bọ ibi tí kò sí, ẹni náà á ní "amonious", á sì tún pe egg ní "hegg", ìdánwò oral English ò sì dárí ẹ̀ jini. Ní ti sípẹ́lì, i ló ṣáájú ous, kì í ṣe e.

Kí la lè pè é ní Yorùbá?

Kò sí ọ̀rọ̀ Yorùbá kan ṣoṣo tó máa gbé gbogbo ẹ̀, ohun tẹ́ ẹ ń sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀ ló máa sọ èyí tẹ́ ẹ máa mú. Tó bá jẹ́ àárín èèyàn, "ìrẹ́pọ̀" ló sún mọ́ ọn jù: wọ́n ń gbé ní ìrẹ́pọ̀, àárín wọn gún, àárín wọn tòrò. Tó bá jẹ́ àwọ̀ tàbí aṣọ, ó bára mu, ó wọra. Tó bá jẹ́ orin, ohùn wọn wọnú ara wọn.

Ọ̀pọ̀ ló máa ń fi "ìṣọ̀kan" túmọ̀ ẹ̀, èmi ò fẹ́ràn ìyẹn tó bẹ́ẹ̀. Ìṣọ̀kan ni unity, ó ń sọ pé a ti di ọ̀kan. Ìrẹ́pọ̀ ní tiẹ̀, ẹni méjì ló ṣì jẹ́, àwọn méjèèjì ló ń bára wọn rẹ́. Ẹ ò rí i pé ìrẹ́pọ̀ ló gba ibi tí ọ̀rọ̀ Òyìnbó yẹn gbà.

Níbo ni ọ̀rọ̀ yìí ti wá?

Látọ̀dọ̀ àwọn Gíríìkì àtijọ́. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ kan, harmos, tó túmọ̀ sí oríkèé, ibi tí nǹkan méjì ti so kọ́ra. Inú ẹ̀ ni harmonia ti jáde, ìyẹn ìsopọ̀, àdéhùn, bíbára mu. Àwọn ará Róòmù gba harmonia bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ sínú èdè Látìn, àwọn Faransé gbà á lọ́wọ́ Látìn, wọ́n sọ ọ́ di harmonie, Gẹ̀ẹ́sì wá gbà á lọ́wọ́ Faransé ní nǹkan bí ọ̀rúndún kẹrìnlá.

Harmony ló kọ́kọ́ dé. Ó tó ọ̀rúndún kẹrìndínlógún kí harmonious tó wá fẹsẹ̀ múlẹ̀ nínú Gẹ̀ẹ́sì, látinú harmonieux ti Faransé. Ìrù ẹ̀ yẹn, ious, òun náà lẹ rí lára glorious àti religious, ó ń sọ pé nǹkan ọ̀hún kún fún ohun tó ṣáájú ẹ̀.

Ṣé kì í ṣe orin ló kọ́kọ́ túmọ̀ sí ni?

Rárá o, iṣẹ́ igi ló fara mọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀, ibi tó dùn mọ́ mi jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí sì nìyí. Nínú ìtàn Odysseus tí Homer, akéwì Gíríìkì àtijọ́, sọ, Odysseus wà ní erékùṣù Calypso, ó ń wá bó ṣe máa padà sílé, ó gé igi, ó gbẹ́ ẹ, ó kàn án pọ̀ di ọkọ̀ pẹlẹbẹ kan tó máa gbé e sọdá òkun. Ohun tó mú àwọn igi yẹn so mọ́ra, harmonia ni wọ́n pè é níbẹ̀. Nígbà tó ṣe tí ìjì ń bá a jà, ó sọ lọ́kàn ara ẹ̀ pé níwọ̀n ìgbà tí igi wọ̀nyẹn bá ṣì di ara wọn mú nínú harmonia wọn, òun ò ní kúrò lórí ẹ̀.

Ẹ lọ wo káfíńtà tó bá ń kan ilẹ̀kùn. Ó máa gbẹ́ ihò sára pákó kan, á gbẹ́ ahọ́n sára èkejì, á wá ti ahọ́n bọ ihò. Tó bá jẹ́ ihò ló gbẹ́ sára méjèèjì, wọn ò lè dira wọn mú. Torí pé wọ́n yàtọ̀ ni wọ́n fi rọ́nà so pọ̀.

Ẹ̀yìn ìyẹn ló tó wá di ọ̀rọ̀ orin. Olórin Gíríìkì tó ń tún okùn dùùrù ẹ̀ ṣe, tó ń fa ọ̀kan le tó ń dẹ èkejì kí gbogbo ẹ̀ lè bára mu, harmonia ni wọ́n ń pe bó ṣe to ohùn wọn, ká má sì gbàgbé pé kì í ṣe kí soprano, alto, tenor àti bass máa kọrin lẹ́ẹ̀kan náà ni wọ́n ní lọ́kàn nígbà yẹn, bí wọ́n ṣe to ohùn láti ìsàlẹ̀ dé òkè ni wọ́n ń sọ. Ti kúáyà tá a mọ̀ lónìí yìí, ìgbà tó yá nílẹ̀ Yúróòpù ló dé.

Kí ló kan Pythagoras níbẹ̀?

Ọ̀mọ̀wé Gíríìkì àtijọ́ ni, òun àtàwọn ọmọ ẹ̀yìn ẹ̀ ni wọ́n ń gbóríyìn fún pé wọ́n rí i pé nọ́ńbà wà nínú ohùn tó bára mu. Tẹ́ ẹ bá ta okùn kan, tẹ́ ẹ wá fìka tẹ ìdajì ẹ̀ gẹ́lẹ́, ohùn kan náà lẹ máa gbọ́ àmọ́ lókè, ìyẹn octave, 2 sí 1. Tó bá jẹ́ ìdá méjì nínú mẹ́ta okùn ló ń dún, 3 sí 2 nìyẹn, àwọn olórin ń pè é ní fifth. Ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin jẹ́ 4 sí 3, fourth nìyẹn. Ẹni tó bá ní gìtá nílé lè dán an wò nísìnyí.

Ìtàn kan wà tí wọ́n máa ń sọ mọ́ ọn, pé ó ń kọjá lẹ́bàá àgbẹ̀dẹ, ó gbọ́ bí ọmọ owú àwọn alágbẹ̀dẹ ṣe ń dún, ó wá wọn ìwúwo wọn, ó sì rí i pé ìwúwo yẹn ló ń darí ohùn. Ìtàn lásán ni ìyẹn. Ọmọ owú tó wúwo ní ìlọ́po méjì èkejì ò ní kí ohùn wọn jìnnà síra ní octave kan. Ti okùn nìkan ló jóòótọ́.

Ta ni Harmonia tí mo rí nínú ìtàn Gíríìkì?

Òrìṣà obìnrin ni, ọ̀dọ̀ ẹ̀ ni wọ́n ń fi ìrẹ́pọ̀ sí. Ẹ wo àwọn òbí ẹ̀ ná: Ares, òrìṣà ogun, ni bàbá ẹ̀, Aphrodite, òrìṣà ìfẹ́, ni ìyá ẹ̀. Ogun àti ìfẹ́ ló bí ìrẹ́pọ̀! Ó fẹ́ Cadmus tó tẹ ìlú Thebes dó, Hephaestus tó jẹ́ alágbẹ̀dẹ àwọn òrìṣà ló sì rọ ẹ̀gbà ọrùn ìgbéyàwó fún un, ẹ̀gbà tó rẹwà gidi àmọ́ tó jẹ́ pé ègún ló tẹ̀ lé e, gbogbo ẹni tó jogún ẹ̀ lẹ́yìn ìgbà yẹn ló kàgbákò. Àwọn ará Róòmù náà ní tiwọn, Concordia ni wọ́n ń pe òun.

Ṣé harmattan bá a tan? Harm ńkọ́?

Kò sí èyí tó bá a tan nínú méjèèjì, lẹ́tà iwájú wọn ló kàn jọra. Harmattan, ìyẹn ọyẹ́ tá à ń sọ̀rọ̀ ẹ̀ yìí, ọ̀dọ̀ àwọn Akan ní Gánà ni Òyìnbó ti gbọ́ ọ, haramata ni wọ́n ń pè é níbẹ̀. Harm tó túmọ̀ sí ìpalára, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì látilẹ̀wá ni, kò gba ọ̀dọ̀ Gíríìkì kọjá.

Àwọn ìbátan ẹ̀ gangan ló máa yà yín lẹ́nu. Àwọn tó ń tọ pinpin èdè gbà pé ìpìlẹ̀ harmos jẹ́ ọ̀rọ̀ àtayébáyé kan, ar, tó túmọ̀ sí kí nǹkan ṣe wẹ́kú, látara ìpìlẹ̀ yẹn náà ni arm tó jẹ́ apá ti wá, torí apá so mọ́ èjìká, àti art, àti article, kódà army náà wà níbẹ̀. Army àti harmony, ẹbí kan náà.

Ṣé harmonic àti harmonious ò jọ jẹ́ nǹkan kan náà?

Wọn kì í ṣe nǹkan kan náà, ẹ má sì fi ọ̀kan rọ́pò èkejì. Harmonic jẹ́ ọ̀rọ̀ iṣẹ́, inú ìwé físíìsì, ìwé ìṣirò àti ìwé orin lẹ ti máa rí i. Simple harmonic motion tí wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ SS, nǹkan tó ń mì lọ mì bọ̀ ló ń sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀, ó sì gba orúkọ yẹn torí pé bí okùn gìtá ṣe ń mì kó tó dún náà nìyẹn. Kò sẹ́ni tó ń pe ìgbéyàwó ní harmonic.

Harmonise ni ṣíṣe é, kéèyàn mú nǹkan tó yàtọ̀ síra wá bára mu. Ìjọba wa fẹ́ràn ẹ̀ fún owó oṣù, àwọn òṣìṣẹ́ yunifásítì tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ á rántí HATISS, ètò owó oṣù tiwọn, H iwájú ẹ̀ yẹn ni harmonised. Tẹ́ ẹ bá rí i pẹ̀lú z, ti Amẹ́ríkà nìyẹn, àwọn kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà ń kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Harmonious ní tiẹ̀ ò ní ti Amẹ́ríkà àti ti Gẹ̀ẹ́sì, sípẹ́lì kan ló ní.

Harmonium, dùùrù kékeré tí wọ́n ń fẹsẹ̀ tẹ̀ fún atẹ́gùn, Alexandre Debain ló gbàwé àṣẹ lórí ẹ̀ ní Paris lọ́dún 1842, látara harmonia ló sì ti rí orúkọ fún un.

Nínú kúáyà wa wọ́n ní ohùn sista kan jẹ́ harmonious, ṣé ó tọ̀nà?

Tó bá jẹ́ òun nìkan ló ń kọrin, melodious lẹ fẹ́ sọ. Melody jẹ́ orin tó ń lọ ní ìlà kan, ohùn kan tẹ̀ lé òmíràn. Harmony ń fẹ́ kí ohùn tó ju ọ̀kan lọ máa dún lẹ́ẹ̀kan náà. Sista yẹn lè ní ohùn tó dùn bí oyin, ìgbà tí alto àti tenor bá tó wọlé tọ̀ ọ́ ni ẹ lè sọ pé orin yẹn di harmonious.

Ohun mìíràn tó wà níbẹ̀ ni unison. Tí gbogbo kúáyà bá ń kọ nóòtì kan náà, unison nìyẹn, kì í ṣe harmony, bó ti wù kó dùn tó.

Ṣé orin ìbílẹ̀ wa ní harmony? Ṣé a lè pe ìlù dùndún ní harmonious?

Ó ní, àmọ́ kò rí bákan náà ká gbogbo ilẹ̀ Yorùbá. Àwọn Ọ̀yọ́, ẹnì kan á lé orin, àwọn yòókù á gbè é, ohùn kan náà ni ègbè yẹn sì sábà máa ń jẹ́. Ẹ wá sọdá sọ́dọ̀ àwọn Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì, ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe ń gbe orin: ohùn ègbè á pín sí méjì, ọ̀kan lókè ọ̀kan nísàlẹ̀, wọ́n á sì jọ máa rìn lọ, ohun táwọn olórin ń pè ní third, bíi láti doh dé mi, ló sábà máa ń wà láàárín wọn. Òyìnbó kọ́ ló kọ́ wọn. Òṣogbo tiwa yìí sì wà láàárín àwọn méjèèjì, ọ̀dọ̀ Ìjẹ̀ṣà ni ìtàn ní Lároòyè tó tẹ ìlú yìí dó ti wá, èdè àti àṣà Ọ̀yọ́ sì pọ̀ lẹ́nu wa, ẹni tó bá tẹ́tí dáadáa lè gbọ́ irú méjèèjì nínú ìlú kan yìí.

Ní ti dùndún, mo ní bẹ́ẹ̀ ni, tọkàntọkàn. Ẹ fetí sí i nígbà ọdún Ọ̀ṣun ní oṣù kẹjọ, táwọn onílù bá tò síwájú Àtáọ́jà. Ìyá ìlù ló ń sọ̀rọ̀, ó ń kì, ó ń pòwe, ó ń yí ohùn bó ṣe wù ú. Gúdúgúdú ò lè ṣe ìyẹn, ojú kan ló wà, àmọ́ tó bá dákẹ́ pẹ́nrẹ́n gbogbo ìlù á tú. Kẹríkẹrì ń sọ tiẹ̀, ìsáájú ń sọ tiẹ̀. Kò sí èyí tó ń lu ohun tí èkejì ń lù. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi Gẹ̀ẹ́sì ṣàpèjúwe ẹ̀ fún àlejò, "a harmonious ensemble" kì í ṣe àsọdùn.

Kí ló dé tí àwọn orin ṣọ́ọ̀ṣì kan fi bára mu létí àmọ́ tí ọ̀rọ̀ inú ẹ̀ ò wọ̀?

Torí pé ohùn orin Òyìnbó ni wọ́n gbé, wọ́n wá ki ọ̀rọ̀ Yorùbá bọ̀ ọ́ nínú, Yorùbá sì ní ohùn tiẹ̀, òkè, àárín àti ìsàlẹ̀. Orin á sọ pé kẹ́ ẹ gòkè níbi tí ọ̀rọ̀ ní kẹ́ ẹ sọ̀ kalẹ̀, ọkọ á fẹ́ di ọkọ́, ìtumọ̀ á lọ. Ohùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kúáyà bára mu, orin àti ọ̀rọ̀ ò bára mu, ní tèmi o, irú orin bẹ́ẹ̀ ò tíì di harmonious tán.

Ekundayo Phillips, tó lu dùùrù ní Kàtídírà Mọ́rínà l'Ékòó fún ọ̀pọ̀ ọdún, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tó jà fún un pé kí orin ìsìn tẹ̀ lé ohùn ọ̀rọ̀ Yorùbá. Ó yẹ kí gbogbo ọ̀gá kúáyà tó ń kọ orin tuntun lónìí máa rántí iṣẹ́ yẹn, torí àwọn tó ń jókòó sílẹ̀ gbọ́ Yorùbá.

Ṣé "we should live in harmonious" dáa?

Kò dáa, èyí sì ni àṣìṣe tí mo máa ń rí jù nínú ìwé àwọn ọmọ. Harmonious gbọ́dọ̀ ní nǹkan tó ń ṣàpèjúwe. Ẹ sọ pé "live in harmony", ẹ lè sọ pé "live harmoniously", ẹ sì lè sọ pé "live in a harmonious community". Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dáa, ẹ mú èyí tó bá wù yín.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi wé òmíràn, "more harmonious" àti "most harmonious" ni, kò sí "harmoniouser". "Harmoniousness" wà nínú dikiṣọ́nárì lóòótọ́ àmọ́ ẹ kọ harmony, ó kúrú, ó sì dùn.

Tí gbogbo ẹbí bá wọ àǹkóò, ṣé harmonious nìyẹn?

Matching nìyẹn, tàbí uniform. Aṣọ kan náà ni gbogbo wọn wọ̀, kò sí ìyàtọ̀ tó máa bára mu níbẹ̀. Tí ẹbí ìyàwó bá wá wọ àwọ̀ ewé, tí ti ọkọ wọ àwọ̀ wúrà, tẹ́ ẹ sì wo gbọ̀ngàn lẹ rí i pé ojú ń gbádùn ẹ̀, ibẹ̀ ni harmonious ti wúlò.

Àwa tá à ń pe ìlú wa ní ìlú aró, ó yẹ kí èyí tètè yé wa. Ẹ wo àdìrẹ kan tí wọ́n tì bọ aró léraléra, ẹ máa rí búlúù tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dúdú, búlúù ojú sánmà, àti funfun ibi tí ẹ̀kọ tàbí okùn ò jẹ́ kí aró dé. Mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, inú ìkòkò kan ni wọ́n ti wá. Ẹni tó bá kọ "harmonious shades of indigo" lábẹ́ fọ́tò ọjà ẹ̀, kò parọ́ fún oníbàárà.

Kí ni "harmony of the Gospels"?

Ìwé tó to ìtàn Mátíù, Máàkù, Lúùkù àti Jòhánù pọ̀ di ìtàn kan tàbí tó tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Iṣẹ́ ọjọ́ pẹ́ ni, Tatian, òǹkọ̀wé Kristẹni kan, ti ṣe irú ẹ̀ ní ọ̀rúndún kejì, Diatessaron ni wọ́n ń pè é. Mẹ́rin làwọn ìwé yẹn, bí wọ́n ṣe rọ́ ọ ò sì dọ́gba, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ harmony ni wọ́n pè é.

Kí lòdìkejì ẹ̀?

Discordant ló wọ́pọ̀ jù, fún ohùn àti fún èèyàn. Inharmonious àti disharmonious wà, wọ́n tọ̀nà, wọ́n kàn wúwo lẹ́nu ni. "Unharmonious" ẹ fi í sílẹ̀, àwọn yòókù ti tó.

Concordant, consonant, congruous, ṣé kì í ṣe harmonious ni gbogbo wọn?

Ìtumọ̀ wọn sún mọ́ra, ibi tí wọ́n ti wá ló yàtọ̀, ibẹ̀ náà ló sì ń jẹ́ kí lílò wọn yàtọ̀. Concordant wá láti Látìn, con ni pa pọ̀, cor ni ọkàn, ìyẹn ọkàn tó pa pọ̀. Concord tẹ́ ẹ kọ́ fún WAEC, pé kí ẹni tó ń ṣe nǹkan àti ọ̀rọ̀ ìṣe bára mu, "he goes" kì í ṣe "he go", ibẹ̀ ló ti wá. Àwọn àgbà á sì rántí ìwé ìròyìn Concord tí MKO Abíọ́lá dá sílẹ̀ lọ́dún 1980. Concord máa ń fara mọ́ àdéhùn, ẹni méjì tó panu pọ̀.

Consonant ni dídún pa pọ̀, sonare ni kí nǹkan dún. B, d, k tá à ń pè ní consonant gba orúkọ náà torí pé wọ́n gbà pé kò lè dún láìsí vowel nítòsí ẹ̀. Congruous ní tiẹ̀ túmọ̀ sí pé nǹkan yẹ níbi tó wà, èyí tí wọ́n ń lò jù lónìí sì ni incongruous, nǹkan tí kò yẹ níbẹ̀ rárá. Ẹ má fi congruent inú ìṣirò wọnú ẹ̀ o, trayáńgù méjì tó bá jẹ́ congruent dọ́gba délẹ̀ ni, ẹ gbé ọ̀kan lé èkejì ẹ ò ní mọ̀ ọ́n yàtọ̀. Harmonious ò lè débẹ̀ láéláé.

Ṣé ẹnì kan ṣoṣo lè jẹ́ harmonious?

A kì í sábà pe èèyàn kan bẹ́ẹ̀, "he is a harmonious man" á dún bákan létí. Àmọ́ ohun tó wà nínú ẹnì kan lè pọ̀, iṣẹ́, ẹbí, ìsìn, bọ́ọ̀lù tó fẹ́ràn, ohun wọ̀nyẹn sì lè bára mu tàbí kí wọ́n máa bára wọn jà. Robert Vallerand, onímọ̀ ìrònú ọmọ Kánádà, àtàwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ lo ọ̀rọ̀ náà báyìí lọ́dún 2003. Wọ́n ní ìfẹ́ téèyàn ní sí nǹkan pín sí méjì: èyí tó jẹ́ harmonious, tí nǹkan yẹn gba àyè tiẹ̀ láìdí ìyókù ayé èèyàn lọ́wọ́, àti èyí tó jẹ́ obsessive, tí kì í jẹ́ kéèyàn sinmi. Ẹni tó ń gbá bọ́ọ̀lù lálẹ́ Sátidé tó sì délé bá ìyàwó ẹ̀ ṣeré wà nínú ti àkọ́kọ́. Ẹni tó ń ta tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù títí owó sùkúù ọmọ fi tán wà nínú ìkejì.

Tí kò bá sí ẹni tó ń jiyàn mọ́ níbì kan, ṣé harmonious ti dé bẹ́ẹ̀ nìyẹn?

Rárá, ìbéèrè yìí sì ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ kà jù. Ilé tí bàbá nìkan ń sọ̀rọ̀ tí ìyàwó àtọmọ ń mi orí, ìdákẹ́jẹ́ ló wà níbẹ̀. Heraclitus, ará Gíríìkì tó gbé ayé ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún méjì àtààbọ̀ sẹ́yìn, sọ pé harmonia wà nínú ohun tó ń fa ara ẹ̀ sọ́tùn-ún sósì, bó ṣe wà nínú ọrun àti nínú dùùrù. Okùn ọrun ń fa igi wọlé, igi ń fa okùn jáde, tí ọ̀kan bá gbà fún èkejì pátápátá ọfà ò ní lọ. Tí ìwé ìròyìn bá wá kọ pé gómìnà àti ilé ìgbìmọ̀ ní "harmonious working relationship" torí pé ilé ò bi gómìnà ní ìbéèrè kankan rí, ọ̀rọ̀ tí wọ́n mú yẹn ò bá ohun tí wọ́n rí mu. Ibi tí mo lè fi lò ó láìṣiyèméjì ni agboolé wa l'Óṣogbo níbí, tí ẹ̀gbọ́n jẹ́ Alhaji, tí àbúrò jẹ́ díkónì, tí bàbá àgbà ṣì ń bọ Ọ̀ṣun, tí wọ́n ń jiyàn ẹ̀sìn ní gbangba tí wọ́n sì jọ ń jẹ ẹran iléyá, tí wọ́n sì jọ ń jẹ ìrẹsì Kérésì.

Àwọn ará Ṣáínà ló fi hàn jù pé ọ̀rọ̀ yìí lè ṣì lọ. Lọ́dún 2004, nígbà ìṣèjọba Hu Jintao, ẹgbẹ́ òṣèlú tó ń ṣàkóso níbẹ̀ gbé èrò "harmonious society" jáde, héxié ni ọ̀rọ̀ tiwọn fún un. Kò pẹ́ táwọn èèyàn fi rí i pé tí wọ́n bá ti kọ nǹkan tí kò dùn mọ́ ìjọba nínú sórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n á pa á rẹ́, wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé wọ́n ti "harmonise" ọ̀rọ̀ àwọn. Nígbà tí ìjọba tún ń dí ìyẹn náà, àwọn èèyàn yí ohùn ẹ̀ padà díẹ̀, héxiè, akàn odò nìyẹn. Èdè tiwọn náà ń lo ohùn bíi tiwa, àmì kan ṣoṣo ló yà á sọ́tọ̀, wọ́n wá ń ya akàn kiri orí íntánẹ́ẹ̀tì, gbogbo ẹni tó gbọ́ èdè náà sì mọ ohun tí akàn yẹn ń sọ.